Ìkéde: Ẹ Fi Orúkọ Yín Ránṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ilé o. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ètò ìrántí Màmá ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, kí kálukú fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, tòun ti àmì ohùn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó ya fọ́tò rẹ̀.

Níjelòó, "Kòsọ́kọ" lẹ kọ fún mi. Kòsọ́kọ́ ni mò ń jẹ́, bíi ti ọba tó jẹ l'Èkó ní 1845. Orúkọ àbíkú ni: kò sí ọkọ́ tí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ọkọ tèmi wà, inú gúrúùpù yìí náà ló wà!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.

Akọ̀wé ẹbí