Orí omi ni wọ́n ti ń jà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó ń dọdẹ ọkọ̀ ẹrù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú mi dùn pé ẹ gbé e jáde, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣe ni wọ́n máa ń kó rìn lábẹ́ omi bí agbo ẹja, tí wọ́n á sì jọ ya lu ọ̀wọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ sì ṣe yà á nínú àwòrán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kó rìn pọ̀, orí omi ni wọ́n sì ti ń jà jù, lóru. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí wọ́n fi rọ́wọ́ mú, kò sì lè mọ ohun tó padà mú wọn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Type VIIC, irú èyí tí wọ́n lò jù. Tó bá wà lórí omi, ẹ́ńjìnnì díísù rẹ̀ lè gbé e sáré máìlì òkun 17 ní wákàtí kan. Tó bá ti rì, bátìrì nìkan ló kù tó lè lò. Agbára káká ló fi ń sáré tó 7, ìyẹn náà kì í pẹ́ tí bátìrì á fi tán. Tó bá rọra ń lọ ní 4, bíi máìlì òkun 80 ni yóò rìn kó tó di dandan fún un láti gòkè wá tan díísù, kó fi gba iná sínú bátìrì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù tó lọ́ra jù pàápàá ń rìn ní nǹkan bí 7. Tí ọ̀wọ́ náà bá ti kọjá lára ẹni tó wà lábẹ́ omi, kò lè lé e bá mọ́. Ohun tí ọ̀gá wọn, Karl Dönitz, rí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n máa jà lórí omi lóru. Ara ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀, òkùnkùn bò ó, Asdic tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé, tó ń fi ìró wá ohun tó wà lábẹ́ omi, kì í sì í mọ èyí tó léfòó.

Rédíò ló sọ àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi náà di ọ̀wọ́. Wọ́n á tò sójú ọ̀nà tí wọ́n rò pé ọkọ̀ ẹrù máa gbà, ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní ọ̀pọ̀ máìlì, débi pé wọn kì í rí ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èéfín kò gbọdọ̀ dá jà. Á dúró lókèèrè, níbi tí orí òpó ọkọ̀ nìkan ti ń hàn sí i, á wá fi àmì àṣírí kúkúrú ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ Faransé: ibi tí ọ̀wọ́ náà wà, ibi tó kọjú sí, bó ṣe ń yára tó. Dönitz á ti ibẹ̀ pe àwọn yòókù. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn á máa ké lórí rédíò lóòrèkóòrè kí àwọn tó ń bọ̀ lè tọ ìró rẹ̀ wá. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á wọlé. Látìgbà náà, kálukú ń dá ṣe tirẹ̀ ni.

Ní October 1940, ọkọ̀ 35 gbéra ní Sydney, ilẹ̀ Kánádà, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n pè ní SC 7. Ogún nínú wọn ló rì. Otto Kretschmer, ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, gbé U-99 tirẹ̀ wọ àárín ìlà àwọn ọkọ̀ ẹrù gan-an, ó ń yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nítòsí. Kò sí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kankan tó ṣòfò níbẹ̀. Ohun tó ń dá wọn dúró jù ni tọ̀pídò fúnra rẹ̀, ìyẹn àdó olóró tó ń sáré nínú omi. Ihò márùn-ún tí wọ́n fi ń yìn ín ni Type VIIC ní, tọ̀pídò 14 ló ń kó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 7, ó sì wúwo ju 1,500 kìlógíráàmù lọ. Inú yàrá iwájú, níbi tí àwọn atukọ̀ ń sùn, ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Kí wọ́n tó ti òmíràn sínú ihò, wọ́n ní láti ká ibùsùn kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé irin náà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tì í wọlé, bẹ́ẹ̀ ìgbì ń bì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ibi tó kàn wá rèé. Ọkọ̀ tó kó èkùrọ́, epo pupa àti ẹ̀pà láti etíkun wa, Freetown ni wọ́n ti ń kó wọn jọ sí ọ̀wọ́ SL, ìyẹn Sierra Leone. SL 125 gbéra níbẹ̀ ní October 1942, ọkọ̀ 37. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí wọ́n sọ ní Streitaxt pàdé wọn nítòsí erékùṣù Canary àti Madeira, kọ́fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọkọ̀ ogun kékeré, bíi mẹ́rin péré ló sì ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù náà. Láti 27 October, ọkọ̀ 12 ló rì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ọkọ̀ Président Doumer nìkan, ó lé ní 200 ènìyàn tó kú. Ìgbà tí bàálù fara hàn lókè ní ọjọ́ 31 ni Jámánì tó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ fi SL 125 ṣe ìjẹ kí ọkọ̀ ogun tó ń lọ sí Àríwá Áfíríkà lè ráyè kọjá. Ohun tó dájú ni pé wọ́n ráyè kọjá lóòótọ́ lásìkò yẹn. Pé ẹnì kan pète rẹ̀, àbá ni.

Ariwo rédíò tí mo sọ yẹn náà ló padà pa àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi náà. Àwọn Jámánì rò pé àmì wọn kúrú jù fún ẹnikẹ́ni láti mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ HF/DF tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ọ̀wọ́ ń fi ìhà tí ìró náà ti wá hàn lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ogun kan á sáré gba ìhà yẹn lọ, á fipá mú ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń dọdẹ ọ̀wọ́ náà láti wọ abẹ́ omi lọ, ojú rẹ̀ á sì kúrò lára wọn. Rédà tuntun, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan, tó ń lo ìgbì sẹ̀ǹtímítà 10, wá ń rí èyí tó léfòó nínú òkùnkùn àti nínú ìkùukùu. Ẹ̀rọ tí Jámánì fi ń gbọ́ rédà kò sì gbọ́ irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n pè ní ONS 5 pàdánù ọkọ̀ 13, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 May 1943, ìkùukùu bo òkun, ọkọ̀ abẹ́ omi mẹ́rin ló rì. Lóṣù yẹn nìkan, 41 ló ṣòfò. Ní 24 May, Dönitz kó àwọn tó kù kúrò ní Àríwá Àtìláńtíìkì.

Tí ẹ bá tún àwòrán yẹn tẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí omi, kí ẹ ya wáyà rédíò sí i lára. Kí ẹ sì kọ Freetown sórí máàpù yín, nítorí ẹ fò ó tẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Apápá