Idẹ ni ère Báálì, kì í ṣe wúrà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwòrán ère Báálì tí ẹ gbé jáde dára, àmọ́ ẹ pè é ní “ère wúrà” lábẹ́ àwòrán náà. Idẹ ni. Minet el-Beida, èbúté ìlú Ugarit àtijọ́ ní Síríà, ni àwọn awalẹ̀ Faransé ti hú u jáde, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ló sì wà báyìí. Kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Ẹni tó bá rò pé ère ńlá ni, á wá a títí.

Bàbà àti tánńganran (tin) ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ di idẹ. Àpòpọ̀ tó dáa fún irú iṣẹ́ yìí ni bàbà ìpín mẹ́sàn-án, tánńganran ìpín kan. Ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ tó rì sí Uluburun létí òkun Tọ́kì, tí wọ́n rí ní 1982, kó bàbà bíi tọ́ọ̀nù 10 àti tánńganran bíi tọ́ọ̀nù 1. Bàbà nìkan ṣòroó dà: ó di ìwọ̀n Celsius 1,085 kó tó yọ́, ó sì máa ń gba afẹ́fẹ́ sára, ihò á wá kún ara ère. Tánńganran ló ń mú kó yọ́ ní nǹkan bíi 1,000, kó sì ṣàn dé ìka.

Àwọn tó ń rọ ère, àwọn kan nínú wọn da idẹ sínú òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí ère. Wọ́n rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Nahariya ní Ísírẹ́lì, èyí tí wọ́n fi ń da ère òrìṣà obìnrin. Àwọn mìíràn fi ìda mọ ère, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n sì yọ́ ìda náà dànù. Bí amọ̀ kò bá gbẹ dénú, oru omi á fọ́ ọ nígbà tí idẹ gbígbóná bá wọlé. Apá tí Báálì nà sókè sì tín-ín-rín: bí idẹ bá tutù kó tó débẹ̀, ère á di alápá kan.

Ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èèkàn kékeré tó wà níbẹ̀ ni ojú ibi tí idẹ gbà wọlé. Wọn kì í gé e dànù. Wọ́n á kì í bọ inú igi kí ère lè dúró. Àìsáyà 41:7 náà sọ̀rọ̀ ìṣó tí wọ́n fi ń kan ère mọ́lẹ̀.

Ti wúrà wá ńkọ́? Wọ́n á lù ú di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fà á bo idẹ, wọ́n á wá ki etí rẹ̀ bọ ojú ìlà tí wọ́n ti gbẹ́ sára ère, wọ́n á lù ú pa. Ère tó bá ní ojú ìlà yìí tí kò ní wúrà mọ́, wọ́n ti bó o nìyẹn. Fàdákà ni wọ́n fi bo ọmọ màlúù idẹ tí wọ́n rí ní Ashkelon ní Ísírẹ́lì ní 1990.

Àwọ̀ ewé tó wà lára ère náà gan-an jẹ́rìí: wúrà kì í dípẹtà. Kí àwọn tó ní ẹdan tàbí idẹ àtijọ́ nílé l'Ájàṣẹ́ níbí, tí ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, fi èyí sọ́kàn. Ìpẹtà líle tó lẹ̀ mọ́ ọn kò léwu. Èyí tó rí bí ìyẹ̀fun, tó ń já bọ́, iyọ̀ ló ń jẹ idẹ náà. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má fi iyanrìn bó o. Ibi gbígbẹ ni kí ẹ gbé e sí.

Òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)