Dépò, mo ti rà á o

Dépò mi,

Báwo lọ̀hún? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ pè ẹ́, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́ níbí, oorun lò ń sùn lọ́hùn-ún, tó o bá sì jí, èmi ti ń hanrun. Jẹ́ n kúkú kọ ọ́ kó tó bẹ́ mọ́ mi nínú: mo ti rà á o. Jíìpù. Kì í ṣe Cherokee ẹ tó o fẹ́ràn bí ẹni tí wọ́n sà sí, Jimny, ti Suzuki, ni mo rà. Máa rẹ́rìn-ín, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ láti ibí. "Bàtà ọmọdé" lo máa ń pè é, àbí? Ó dáa, bàtà ọmọdé náà ló wà níta ilé mi báyìí, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára, inú mi sì ń dùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ilé dáa. Màámi ti ń rìn láìlo ọ̀pá, ọmọ Mọ́yọ̀ ti hu eyín méjì, wọ́n ti fún ìyàwó mi ní ipò tuntun níbi iṣẹ́, mo sì ti fá irùngbọ̀n yẹn. Ó tán. Jẹ́ ká padà sórí mọ́tò.

Ṣó o rántí rìsíìtì tó o kọ nǹkan sẹ́yìn ẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó o máa lọ? Ó ṣì wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi, ó ti fẹ́ẹ̀ fàya tán. "Abẹ́ ni kó o kọ́kọ́ wò, ojú ẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan fún ẹ." Òun ni mo ń gbé kiri fún oṣù mẹ́rin bí ẹni gbé àdúrà kiri, torí o mọ iye tó wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá sì ń wá jíìpù olówó pọ́ọ́kú, wàhálà táwọn ẹlòmíì ń sá fún ni wọ́n máa ń gbé wá bá a. Land Cruiser 70 tá à ń lálàá ẹ̀ nígbà yẹn, tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti 1984, èyí tó gbó jù nínú ẹ̀ gan-an ṣì ju agbára mi lọ, àwọn tó ní i ò fẹ́ tà á, àwọn tó ń tà á sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Cherokee ẹ ńkọ́? Mo wo méjì, nítorí tìẹ ni mo ṣe wò ó. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà yẹn ò láfiwé, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n 2001 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì ní ṣásí, férémù irin abẹ́ ọkọ̀, tó dá dúró, ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù, tó bá ti dógùn-ún lábẹ́, bí ẹni pé eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń jẹrà ni. Mo kí i, mo sì lọ.

Èyí tó fẹ́ẹ̀ mú mi, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ó ga, táyà ńláńlá, iná mẹ́rin lórí òrùlé. Bàbá tó ń tà á ń pè mí ní "ọmọ mi, ọmọ mi". Mo wọ abẹ́ ẹ̀ lọ. Dépò, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún látòkèdélẹ̀, òórùn ẹ̀ ò tíì lọ. Mo ń bi ara mi pé ta ló ń ṣe abẹ́ mọ́tò lóge fún ẹni tó fẹ́ lọ fi wọ ẹrẹ̀? Mo fa sukudiráfà yọ, mo fi tì í jẹ́jẹ́ níbi tí ṣásí ti gun òkè táyà ẹ̀yìn, ó sì wọlé gbuu bí ìka tó bọ inú amọ̀, ìpáàrà já lé mi lójú wàràwàrà. Bàbá ní "ọmọ mi, kí lò ń wá lábẹ́ ibẹ̀?" Mo ní ẹ̀mí mi ni mò ń wá, sà.

Òmíràn mọ́ tónítóní nínú, kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ṣùgbọ́n mo wo iná iwájú ẹ̀, mo rí ìlà ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú gíláàsì, kan náà lápá ọ̀tún àti òsì, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ àga, gbogbo bóòtì ibẹ̀ ló ti pọ́n. Omi ti mu mọ́tò yẹn dé ọrùn rí. Mo ní kí wọ́n tú ọ́ìlì dífù, gíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ táyà, díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó jáde funfun bí omi ọṣẹ. Ẹ̀kẹta, ọmọkùnrin kan ló ń búra fún mi pé fọ́ọ̀wíìlì gidi ni. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n low, gíà tó ń jẹ́ kí mọ́tò rọra rìn pẹ̀lú agbára ńlá, ò sí nínú ẹ̀ rárá, mo wá lífà, mo wá bọ́tìnì, mo wá a bí ẹni wá abẹ́rẹ́, ó ní "bọ̀ọ̀dá, ọpọlọ mọ́tò ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀". Mo ní kó gba ọpọlọ náà mú dáadáa. Tó bá jẹ́ òjò àti títì yíyọ̀ ni, ó máa tó, ṣùgbọ́n kí èèyàn máa sọ̀kalẹ̀ lórí òkè olókùúta láìtẹ búréèkì, ìyẹn ò sí níbẹ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí Jimny nìyẹn. Ó burẹ́wà, Dépò! Ilẹ̀kùn kan ti wọnú, fóòmù ti yọ lára àga dẹ́rẹ́bà, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ohun tí oòrùn lá. Ṣùgbọ́n ṣásí ẹ̀ dá dúró bí àkàbà, irin lásán, kò sí ọ̀dà tuntun, mo fi sukudiráfà kàn án káàkiri ó ń dún ko-ko-ko. Ẹ́ńjìnì 1.3, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju tọ́ọ̀nù kan lọ púpọ̀, ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ irin gbọọrọ kan náà, low ẹ̀ sì jẹ́ ti lífà tí mo lè fọwọ́ gbá mú. Màmá tó ni ín ò mọ̀ pé ó wúlò fún nǹkan kan ju kí wọ́n fi gbé òdòdó lọ. Mo ní kí n wà á wò. Ọkọ wọn ti ń yí i kiri lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ pẹ̀lú fọ́ọ̀wíìlì kó lè fi hàn mí pé ó ń ṣiṣẹ́, mọ́tò ń ta kútúkútú ní kọ́nà bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ́rùn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ọ́, torí táyà iwájú àtẹ̀yìn kì í rin ìrìn kan náà ní kọ́nà, ọ̀dà gbígbẹ ò sì ní jẹ́ kí wọ́n yọ̀ fúnra wọn. A gbé e lọ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Mo dúró, mo fi sí low, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gbogbo nǹkan, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn bí arúgbó tó ń tẹ ọ̀pá. Ibẹ̀ ni mo ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ló kù báyìí. Sátidé tó kọjá ni mo gbé e jáde, èmi nìkan. Mo mọ̀, mo mọ̀, ó wà lórí rìsíìtì, o tiẹ̀ fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ mú lọ? Ìwọ ṣáà wà lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà yanrìn kan ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò jọ ohun tó lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo wọ̀ ọ́, mò ń kọrin, ó di gbìì, mọ́tò dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, táyà ń yí, ihò ló ń gbẹ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ikùn ẹ̀ ti jókòó lórí yanrìn bí adìyẹ tó ń sàba. Ọlọ́gbọ́n bíi tèmi ò mú ṣọ́bìrì, ọwọ́ ni mo fi ń wa yanrìn. Mo kó máàtì ẹsẹ̀ sábẹ́ táyà, ó tu wọ́n dà sẹ́yìn bí ẹni ń pín káàdì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ọkùnrin kan gbé píkọ́ọ̀pù dé, ó ṣàánú mi, ó fa okùn ńlá jáde, ó sì fẹ́ so ó mọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń wọ́ tírélà lẹ́yìn mọ́tò ẹ̀. Ojú ẹ ni mo rí, bó o ṣe máa ń nàka sí mi: bọ́ọ̀lù yẹn lè já, kó fò bí ọta ìbọn, ó ti pa èèyàn rí. Mo bi í pé ṣé kò síbòmíì lára mọ́tò wọn tá a lè so ó mọ́. Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè, ó ká okùn ẹ̀, ó lọ.

Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ẹ̀rù bà mí. Oòrùn ti ń wọ̀, mo sì wá ń rò ó pé kò sẹ́nì kankan láyé tó mọ ibi tí mo wà, torí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ fọ mọ́tò.

Ìgbà yẹn ni orí mi tó ṣí pé mi ò dín atẹ́gùn táyà kù. 32 psi, bí mo ṣe gbé e kúrò lórí ọ̀dà ni mo gbé e wọ yanrìn! Mo fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ fáàfù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí táyà fi rọ̀ tó sì tẹ́ sílẹ̀, géèjì kékeré tó o fún mi ní 18. Mo fi sí low, gíà kejì, mo rọra tẹ̀ ẹ́, ó gbéra. Jẹ́ẹ́. Bí ẹni pé kò há rí. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ohun tí mo máa fi fẹ́ wọn padà, bí ẹni ń sin òkú ni mo ṣe wà á dé ilé, torí táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó o bá fi sáré lórí ọ̀dà ó máa gbóná títí á fi bẹ́.

Táyà náà gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti dán bí orí bàbá ẹ (má sọ fún wọn). Táyà márùn-ún tó o rà sílẹ̀ fún Cherokee tó ò tíì ní yẹn, 215/75 R15 ni ìwọ̀n wọn, ó fi díẹ̀ ga ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ó máa wọ̀, mo ti wọ̀n ọ́n. Gáréèjì ẹ̀gbọ́n ẹ ni wọ́n wà. Dépò, o mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àga yẹn, èmi àti bọ̀ọ̀dá ò tíì bára wa sọ̀rọ̀, mi ò lè yọjú síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bá mi sọ fún wọn. Ní kí wọ́n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà DOT tó wà lára táyà wọ̀nyẹn, ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n ni, ìwọ náà rò ó wò, ṣé wọ́n á máa gbó sílẹ̀ níbẹ̀ ni? Mo máa sanwó, díẹ̀díẹ̀, bó o ṣe mọ̀ mí.

Tó o bá sì gba ìsinmi, wá. Mi ò fẹ́ dá lọ mọ́.

Ìyàwó mi ti ń ṣí gẹ́ètì báyìí, yanrìn ṣì kún abẹ́ àga. Mọ́tò ìdílé ni mo pè é fún un, ilẹ̀kùn méjì! Tó bá pè ẹ́, ìwọ lo ní kí n rà á.

Tìẹ,
Ṣeun