Bọ́lá, ojú ọjọ́ ló wà lára ìgò yẹn

Kabba

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Okun o! Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kánádà, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa ńbí wà, òjò ti bẹ̀rẹ̀, a dúpẹ́. Mo rí fọ́tò ìgò wáìnì pupa méjèèjì tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó o ní ọgbà kan náà ní Bordeaux ní Faransé ni wọ́n ti wá, orúkọ kan náà, àmọ́ èyí tí wọ́n ká àjàrà ẹ̀ ní 2010 wọ́n ju ti 2013 lọ jìnnà, o wá ń bi mí pé ṣé torí ó ti pẹ́ jù ú lọ ni. Rárá o. Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù ú lọ. Bí òjò àti oòrùn ṣe ṣe sí igi àjàrà lọ́dún kọ̀ọ̀kan lo ń sanwó fún yẹn.

Nǹkan bí oṣù kẹfà ni igi àjàrà máa ń tanná lọ́hùn-ún. Tí òjò bá wá ń rọ̀ tí òtútù sì mú nígbà yẹn, òdòdó á gbọ̀n dànù kó tó di èso. Ìwọ náà ṣáà mọ kaṣú ilé wa, tí òjò bá lọ rọ̀ sí i nígbà tó ń tanná lọ́wọ́ nínú ọyẹ́, ṣe ni òdòdó á dú, á gbẹ mọ́ ẹ̀ka, o fọwọ́ kàn án báyìí ó ti rún. Ohun tó ṣe 2013 nìyẹn: òtútù, òjò, èso Merlot, irú àjàrà dúdú kan tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ò dúró, èyí tó dúró ò tètè pọ́n, ìkórè tún dé òjò ò dá, èso ń jẹrà lórí igi, ọ̀pọ̀ wọn sáré ká a kó má bàa bàjẹ́ tán. Ni wáìnì bá fúyẹ́.

2010 ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú ọjọ́ gbẹ, wọn kì í sì í sábà bomi rin àjàrà níbẹ̀, gbòǹgbò ló ń wá omi fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀. Èso wá kéré, èèpo ẹ̀ nípọn, èèpo yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, torí omi inú àjàrà dúdú kì í sábà ní àwọ̀, ara èèpo ni pupa ẹ̀ ti ń wá, àti tánínì tó máa ń mú ahọ́n gbẹ, tó ń jẹ́ kó lè pẹ́ nílẹ̀. Alẹ́ sì tutù, kíkan ẹ̀ ò bá ooru lọ. Oòrùn nìkan ò tó o! Lọ́dún 2003 ooru pọ̀ débi pé èèyàn kú púpọ̀ ní Faransé, àjàrà pọ́n ní kánmọ́kánmọ́, ọ̀pọ̀ wáìnì wọn ò ní kíkan tó yẹ. Mi ò tíì sọ ti òtútù oṣù kẹrin 2017 tó jó ewé tuntun mọ́ igi lóru.

Torí náà 2010 ni kó o rà fún bọ́ọ̀sídéè Dádì, jọ̀ọ́ má wo owó yẹn, ó tọ́ sí wọn. Ṣí i sílẹ̀ bíi wákàtí méjì ṣáájú kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Tó o bá ra 2013 náà, má tọ́jú ẹ̀ o, ẹ mu ún báyìí.

Sọ iye tí wọ́n gbà fún mi, kó o sì bá mi kí ọkọ ẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Fúnmi