Àkànní, mo ti mú un

Òkè-Fíà,
Òṣogbo.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì rẹ́yìn ẹ? Ìyá mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ń rí àmàlà jẹ.

Ìṣirò tó o fi ránṣẹ́, mo ti yanjú ẹ̀. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí kò tó 1000, èwo la ó fi pín 1, tí àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn désímà á rìn jìnnà jù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara wọn pè? O fi 1/7 ṣàpẹẹrẹ: 142857, mẹ́fà péré, ó tún di 142857. Mo ní kí ló le níbẹ̀.

Kóòdù mi àkọ́kọ́ ń wo nọ́ńbà tó bá jáde. Bó bá ti rí èyí tó ti rí rí, ó pariwo pé òun ti mú un. Mo fún un ní 1/19, ó ní ìyípo rẹ̀, ìyẹn iye nọ́ńbà tó ń tún ara wọn pè, jẹ́ márùn-ún. Irọ́! Wọ́n tún ti mú iná lọ, ni mo bá fa bébà, mo ń pín in lọ́wọ́ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù: 0, 5, 2, 6, 3, 1, 5... 5 jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, àmọ́ àṣẹ́kù, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tá a pín in, jẹ́ 5 ní ti àkọ́kọ́, ó jẹ́ 15 ní ti èkejì. Àṣẹ́kù ló yẹ kí n máa ṣọ́: bí ọ̀kan bá padà wá, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e náà á padà wá. Bí mo ṣe tún un ṣe, ìyípo 1/19 di 18.

1/12 tún dé: 0.08333. 0 àti 8 lọ, wọn ò padà mọ́. Orí ọ̀kadà ni mo wà, a ń wọ ráńdábáòtù Òkè-Fíà, nígbà tó yé mi: 08 ni títì tó o gbà wọlé, 3 ni ráńdábáòtù. Jẹ́ kí ọ̀kadà méjì jọ gbéra, kí ọ̀kan máa sáré ìlọ́po méjì èkejì, kí ẹnikẹ́ni má yà: èyí tó ń sáré á yí dé ẹ̀yìn èyí tó ń rọra lọ, á bá a. Ọgbọ́n ìjàpá (ẹni tó ń rọra lọ) àti ehoro (ẹni tó ń sáré) nìyẹn, tí wọ́n máa ń dárúkọ Robert Floyd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, mọ́. (Ìjàpá tiwa ò ní rìn rárá, ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò jókòó sí de ehoro.) Kí n má purọ́, fún nọ́ńbà kéékèèké báyìí, kíkọ àwọn àṣẹ́kù sílẹ̀ náà tó. Àmọ́ nọ́ńbà méjì péré ni ọgbọ́n ìjàpá ní kí n rántí, àṣẹ́kù tí ìjàpá wà àti èyí tí ehoro wà, ìyẹn ló wù mí.

Ìdáhùn ni 983. Ìyípo rẹ̀ jẹ́ 982. Àbí o ò rí i? Àṣẹ́kù 983 ò lè ju 982 lọ. Gbogbo wọn ló bẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ìkankan, kó tó padà sórí 1. Mo kàn jókòó, mo ń wò ó.

Fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tó le díẹ̀ o.

Èmi ni,
Àlàó