Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Gómìnà Ilẹ̀ Yorùbá Lórí Rédíò àti Tẹlifíṣọ̀n Ìjọba

Sí ẹ̀yin Ọlọ́lá Jùlọ, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ọmọ Yorùbá tí a para pọ̀ di ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ ìwé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ yín ń kọ wá lóminú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń gbọ́ ìròyìn wọn. Bí gómìnà bá ṣí afárá, a máa rí i. Bí ó bá lọ kí ọba, a máa rí i. Ṣùgbọ́n bí alátakò bá béèrè iye tí afárá náà ná ìlú, èsì akọ̀wé ìròyìn gómìnà nìkan ni a sábà máa ń gbọ́, a kì í gbọ́ ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ó wà lórí oyè, bákan náà ni.

Ó dùn wá, nítorí pé irú ìpanilẹ́numọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó bí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1953, John Macpherson, gómìnà Nàìjíríà, bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group lórí rédíò. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè ààyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn ti ń jà fún ilé iṣẹ́ tiwọn, títí WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ohun tí wọ́n fi du Awólọ́wọ̀ ni ilé iṣẹ́ yín ń fi du alátakò lónìí, bẹ́ẹ̀ owó gbogbo ará ìlú, títí kan ẹni tí kò dìbò fún yín, ni a fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Òfin kò dákẹ́. Abala 95 Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ lo ohun ìjọba, títí kan ilé iṣẹ́ ìròyìn, láti gbe ẹgbẹ́ tàbí olùdíje kankan tàbí láti pa á lára.

Níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì ọdún 2024, Rishi Sunak, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, fi nǹkan bí wákàtí kan dáhùn ìbéèrè ará ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n GB News. Ofcom, àjọ tí ń ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kò sọ pé ó purọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé èrò tí ó yàtọ̀ kò rí ààyè tó nígbà tí ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n bu ìtanràn £100,000 lé ilé iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi.

Bí ará ilé kò bá gba rédíò ìjọba gbọ́ mọ́, orí WhatsApp ni wọ́n ń yà sí, níbi tí a kì í ti í mọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí èsì ìdìbò ààrẹ kò tètè hàn lórí IReV, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí àjọ INEC fi ń ṣàfihàn èsì ìdìbò, ní oṣù kejì ọdún 2023, oríṣiríṣi èsì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé, a kò sì rí ìwé tí a lè fi yẹ̀ wọ́n wò.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín kí ẹ tún òfin àwọn ilé iṣẹ́ yìí ṣe, kí ọ̀gá àgbà wọn ní sáà tí gómìnà kò lè dá gé kúrú, kí wọ́n sì máa tẹ iye àkókò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí ẹni tí a bá dárúkọ nínú ìròyìn lè fèsì nínú ìròyìn kan náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ọdún 2011, tí ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníròyìn tí ó bá béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún agbaṣẹ́ṣe rí i gbà láàárín ọjọ́ méje tí òfin náà wí.

Èsì tí ẹ bá fún wa, a ó kà á létí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́