Lẹ́tà Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Nípa Ojú Mofẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ara mi le, ẹ má ṣàníyàn nípa mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí èsì mi, ẹ sì ti ń rò pé mo gbàgbé yín. N kò gbàgbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń yàn fún mi ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì fẹ́ kọ̀wé lọ́wọ́ òfo. Owó ti wà nílẹ̀ báyìí. Inú àkáǹtì ìyàwó wa ni mo san án sí. Ẹ má bínú pé kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí owó ìgbà Àjíǹde gbà. Páànù ilé dára, òjò kò ní wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ojú Mofẹ́ ọmọ yín ni mo fi owó yẹn ránṣẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi kò pọ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ojú tí jẹjẹrẹ mú náà.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka èyí sétí Màmá, wọn yóò figbe ta. Ẹ kà á fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní báwo ni àwọn dókítà UCH, ọsibítù ńlá Ìbàdàn, ṣe mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gé nǹkan kan níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà bi nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ọsibítù àwọn ọmọdé ní Birmingham níbí, ọ̀kan nínú ibi méjì péré tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àrùn yìí ní gbogbo Bìrìtéènì. Ó ní jẹjẹrẹ ibòmíràn ni wọ́n ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ wò, ti inú ojú ọmọdé kọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹyinjú yẹn, ó lè fọ́n àrùn náà jáde sí ara. Wíwò ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn tí yóò fi sùn, wọ́n á kán oògùn tí yóò mú kí ọmọ ojú ṣí gbagada, wọ́n á wá wo awọ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí. Wọ́n á tún ṣe sikáànù. Bí wọ́n bá rí ohun wẹ́wẹ́ tó dà bí ẹfun nínú kókó jẹjẹrẹ náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí èèyàn lè jiyàn lé lórí mọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún Mofẹ́ gan-an nìyẹn? Ìwé tí ìyàwó wa yà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp sọ ọ́: retinoblastoma, ìyẹn jẹjẹrẹ inú ojú ọmọdé, ojú òsì nìkan, ó ti kún ojú.

Ẹ rántí fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fláàsì mú kí ojú ọ̀tún pupa, ti òsì funfun, ó ń tàn bí ojú ológbò lóru. Mo bèèrè pé kí ló dé, ẹ ní fọ́tò ni. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní yóò tọ́ bó bá ń dàgbà. Ta ló wá ní kí wọ́n máa kán omi ewé sí i?

Ẹ ní kí n wá ọ̀nà mú un wá síbí. Àlejò tí kò ní ìwé ìgbé níbí, ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ìtọ́jú ń ná ọsibítù ìjọba ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tó sọ ti físà tí a kò mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Bó bá sì dé ibí, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un? Kókó tó bá kéré, wọ́n lè fi iná lésà jó o, wọ́n lè fi òtútù pa á, wọ́n lè lo kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Wọ́n tilẹ̀ ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fi kímò ránṣẹ́ sójú tààrà. Ti Mofẹ́ ti kọjá ìyẹn. Ojú náà kò ríran mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi.

Iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ibẹ̀ ni àrùn yìí ń gbà rìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń yọ ẹyinjú, wọ́n máa ń gé iṣan náà gùn mọ́ ọn, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù láti wo ibi tí wọ́n ti gé e. Bí àrùn bá ti dé ibẹ̀, kímò yóò tẹ̀ lé e. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, iṣẹ́ abẹ yẹn nìkan lè tó. Níbi tí wọ́n ti ń tètè rí i, nínú ọmọ 100 tó ní in, ó lé ní 95 tó ń yè é. Kí ni ẹ wá ń dúró dè?

Màmá ń bèèrè ta ni yóò fẹ́ olójú kan. Ọmọ ọdún méjì! Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọn ò ní fi ihò sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á fi bọ́ọ̀lù kékeré kan dí inú rẹ̀, bí ọgbẹ́ bá sì jinná, wọ́n á ṣe ojú àtọwọ́dá tí wọ́n kùn bíi ti ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ń dàgbà. Owó ìyẹn náà, èmi ni n óò san án.

Mo tún gbọ́ pé àwọn kan nínú ilé ń sọ pé láti ìdílé ìyàwó wa ni àrùn náà ti wá. Inú mi kò dùn sí i. Jíìnì kan, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, wà tí wọ́n ń pè ní RB1, méjì ló wà nínú ara kálukú, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kí wọ́n tó rí jíìnì náà rárá ni dókítà Amẹ́ríkà kan, Alfred Knudson, ti ṣàlàyé ní 1971 pé ohun méjì ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí àrùn yìí tó yọjú. Ọmọ tó bá ti gbé ọ̀kan tó bàjẹ́ wá sáyé, ojú méjèèjì ló sábà máa ń mú. Ti ojú kan, lọ́pọ̀ ìgbà, ó kàn ṣẹlẹ̀ ni; kò ti ọwọ́ bàbá wá, kò ti ọwọ́ ìyá wá. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ìyàwó wa sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbé Dámiláre ọmọ yín náà dání kí wọ́n yẹ ojú tirẹ̀ náà wò, kí wọ́n sì máa yẹ ojú ọ̀tún Mofẹ́ wò lóòrèkóòrè. Mo ti ro ìyẹn mọ́ owó náà, pẹ̀lú ti iṣẹ́ abẹ, ti láàbù, ti mọ́tò láti Ìkìrun, àti ti ibi tí ìyàwó wa yóò máa sùn ní Ìbàdàn.

N kò lè rí irú owó yìí kó jọ lẹ́ẹ̀kejì. Owó ilé mi ti lé. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi, ara mi le.

Ṣé wọ́n ti fún yín ní déètì? Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ? Bí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sí mi kedere, kí n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ̀, kì í ṣe Màmá. Mo ń retí ìpè yín kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Àbúrò yín,
Bọ́sẹ̀